Kí ló fà á gan-an tí omi fi gbé Derna lọ ní Líbíà?

Àkànjí_Òkè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mo gbọ́ pé ìjì Daniel ló ba Derna jẹ́ ní September 2023, àwọn kan tún ní ìjọba ló fà á. Èwo ká gbà báyìí?

Mọ́remí: Méjèèjì ni o. Òjò yẹn ò kéré, ní Al-Bayda, ìlú kan ní agbègbè ibẹ̀, nìkan ó lé ní 400 mìlímítà láàárín ọjọ́ kan, ilẹ̀ tójò ò ti fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ o! Ṣùgbọ́n dáàmù méjì tó wà lókè ìlú, láti bíi 1970s ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọn ò tún un ṣe bó ṣe yẹ, òun ló já lóru tómi fi gbé odidi àdúgbò wọ òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló bá a lọ.

Bàbá Ìbejì: Ta ni ì bá tún un ṣe? Látìgbà tí wọ́n ti pa Gaddafi ní 2011 ni wọn ò ti rójú, ìjọba kan ní Tripoli, òmíì ní ìlà-oòrùn pẹ̀lú ọ̀gágun Haftar, àwọn agbésùnmọ̀mí ISIS náà ti fìgbà kan wà ní Derna. Onímọ̀ nípa omi kan ní yunifásítì Omar Al-Mukhtar ti kìlọ̀ ní 2022, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan.

Àkànjí_Òkè: Hàà! Ṣé wọ́n mú ẹnikẹ́ni ṣá?

Mọ́remí: Kóòtù rán òṣìṣẹ́ ìjọba 12 lẹ́wọ̀n ní 2024. Àwọn ọ̀gá pátápátá ṣì wà lórí àga ní tiwọn.