Ilé HUD tí páìpù ẹ̀ ń jò: kí n rà á àbí kí n fi í lẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Baltimore ní Amẹ́ríkà ni mo wà. Mo bid ilé HUD kan (HUD ni iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé), àwọn ilé tí ẹni tó fi lóònù FHA, èyí tí ìjọba ń ṣe onídùúró fún, rà á ò rí owó ẹ̀ san mọ́ yẹn, wọ́n sì ti gbà fún mi. Agbaṣẹ́ṣe kan ló ń bá ìjọba tà á, òmíì ló ń gé koríko tó sì ń ti ilẹ̀kùn, tí n bá pe èkíní á ní èkejì ni kí n pè, orí ń fọ́ mi o!

Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì pé àwọn ti fa omi páìpù gbẹ torí òtútù. Wọ́n tẹ́ẹ̀sì páìpù bóyá ó ń jò, kò yege, wọn ò wá jẹ́ ká ṣí omi kí inspector mi wò ó. Bó ṣe wà náà ni wọ́n ń tà á, wọn ò ní tún nǹkan kan ṣe. Mo sì ti sáìn pé èmi fúnra mi á gbébẹ̀ fún ọdún 1.

Mo ti mú plumber lọ, ó kàn ń mi orí. Ejẹ́ntì mi ní kí n gba lóònù 203(k) tó ń da owó àtúnṣe pọ̀ mọ́ owó ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú ẹ̀ rí, ṣé kí n gba 203(k) yẹn ni àbí kí n fà sẹ́yìn? Ẹ ṣé gan-an ni o.