Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣíṣí àgádágodo ṣeré, ẹ wá sọ tẹnu yín

Àkànbí Òṣogbo: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà kónílé-ó-gbélé 2020 ni mo ti ń fi irin tín-ín-rín ṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́. Eré ni o, mi ò jalè. 11 ló wà lórí tábìlì mi báyìí, owó mi ni mo fi rà wọ́n. Ìyàwó mi ní kí n máa ṣe é lọ, pé ọjọ́ tí àdúgbò bá gbọ́ lòun á di opó. Ta ló tún ń ṣe irú ẹ̀ níbí? Kí lojú yín ti rí?

Màmá Bíọ́lá: Olè.

Àkànbí Òṣogbo: Ẹ ṣé, mà.

Ṣẹ́gun Peckham: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, mò ń lọ síbi tí àwa mélòó kan ti máa ń pàdé nítorí eré yìí, ilẹ̀ ti ṣú. Ọlọ́pàá 2 dá mi dúró, wọ́n tú báàgì mi, irin 14 já sílẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Mo ní eré ni. Wọ́n wo ara wọn. Mo ń ṣàlàyé, ohùn mi ń gbọ̀n bíi tẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ohun tó yọ mí ni pé àgádágodo 6 wà nínú báàgì kan náà. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mo ṣí ọ̀kan lójú wọn. Èyí ọkùnrin nínú wọn ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.
Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, Theft Act 1968, abala 25, kò ní kéèyàn má ní irin yẹn. Ohun tó ń wò ni bóyá o gbé e kúrò nílé rẹ láti lọ fi jalè. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 3. Látọjọ́ náà, irin mi kì í jáde bí àgádágodo ò bá tẹ̀ lé e.

Kúnlé Jẹ́jẹ́: Tún un ṣe kẹ̀? Irọ́.

Ṣẹ́gun Peckham: Mi ò bá ẹ jà.

Lọ́yà Abẹ́òkúta: Tiwa nílé tún le jùyẹn lọ. Ẹ wo Criminal Code, abala 417. Tí wọ́n bá ká irin ìfọ́lé mọ́ ẹ lọ́wọ́ lóru, ìwọ lo máa fẹ̀rí hàn pé o ní ìdí tó bófin mu. Tó bá jẹ́ ọ̀sán, àfi kí wọ́n fi hàn pé ọ̀ràn lo fẹ́ fi dá. Ọdún 3 náà ni. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, táyà á ti wà lọ́rùn yín.

Ṣadé ní Virginia: Ìpínlẹ̀ tèmi níbí, wọ́n kàn bá a lọ́wọ́ ẹ báyìí, ẹ̀rí nìyẹn pé ibi lo ní lọ́kàn, àfi tó o bá níwèé àṣẹ iṣẹ́ náà. Ọkọ mi ra tiẹ̀, mo ní kó dá a padà.

Bùkọ́lá: Ẹ dákun, báwo ni irin lásán ṣe ń ṣí i? Mo rò pé oògùn ni.

Ọmọ Agékọ́kọ́rọ́: Oògùn kọ́, àbúrò. Àwọn ọ̀pá kéékèèké wà nínú ẹ̀, bíi 4 tàbí 5, sípíríìngì ló ń tì wọ́n wálẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu ló ń gbé gbogbo wọn dé ojú ìlà kan náà, tí inú ẹ̀ fi ń yí. Kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ ihò wọn kó bára dọ́gba tán. Tí o bá fi irin pẹlẹbẹ yí i díẹ̀ báyìí, ọ̀kan á há ṣáájú ìyókù. Ìyẹn ni wàá kọ́kọ́ fi irin kejì tì sókè. Ọwọ́ ló ń gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Irin inú wáípà mọ́tò ni bàbá mi fi ń ṣe tiẹ̀, ó máa ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta. Kò sì ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ láìpe onílé. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè léré yìí ló fi rán mi níléèwé.

Màmá Bíọ́lá: Ta ló tiẹ̀ kọ́ àwọn èèyàn níwà yìí?

Lọ́yà Abẹ́òkúta: Mà, ó ti pẹ́. Lọ́dún 1851, ará Amẹ́ríkà kan, A. C. Hobbs, lọ síbi àfihàn ńlá ní London. Ó ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ohun ìtìlẹ̀kùn ilé iṣẹ́ Chubb tì láàárín bí ìṣẹ́jú 25. Ó wá kọjú sí àgádágodo ilé iṣẹ́ Bramah, tó ti wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù láti bí 60 ọdún, pé ẹni tó bá ṣí i á gba gíní 200, owó Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́. Wákàtí 51 ló lò, láàárín ọjọ́ 16. Ó gbowó náà.

Kúnlé Jẹ́jẹ́: Olè wo ló ráyè ọjọ́ 16?

Màmá Bíọ́lá: Èyí tó ní sùúrù.

Tóyìn Ìjẹ̀bú: Èmi rí àgádágodo kan létí odò lẹ́yìn ilé wa. Ó ti dípẹtà, òwú dúdú, funfun àti pupa wé e lára. Mo tú òwú dà nù, mo rọ epo máṣíìnì ìránṣọ màmá mi sí i. Ìṣẹ́jú 40, ó là.

Bùkọ́lá: O ṣe KÍ NI?

Ṣadé ní Virginia: Jésù.

Ṣẹ́gun Peckham: Òfin àkọ́kọ́ nínú eré yìí ni pé má ṣí èyí tí kì í ṣe tìẹ. Ìkejì, má ṣí èyí tí ẹnì kan ń lò lọ́wọ́. Tóyìn rú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Tóyìn Ìjẹ̀bú: Ta ló ń lò ó?

Ọmọ Agékọ́kọ́rọ́: Ẹni tí wọ́n fi tì í mọ́bẹ̀ ń lò ó.

Àkànbí Òṣogbo: Ó lè jẹ́ oríire ẹnì kan ni wọ́n tì. Onítọ̀hún á ti rówó báyìí, kò mọ ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Màmá Bíọ́lá: Tó bá jẹ́ wèrè ẹnì kan ni wọ́n fi tì ńkọ́? Tó jẹ́ ara ẹ̀ ti yá látìgbà yẹn?

Kúnlé Jẹ́jẹ́: Àgádágodo ẹ̀gbẹ́ odò, ìṣẹ́jú 40? Sípíríìngì rẹ̀ á ti jẹrà. Irọ́ nìyí náà.

Lọ́yà Abẹ́òkúta: Kúnlé, ìwọ tí nǹkan kankan kì í jóòótọ́ lójú ẹ, wá gbé e sùn nílé tìẹ.

Kúnlé Jẹ́jẹ́: Mo láyà méjì ni?

Tóyìn Ìjẹ̀bú: Mo ti lọ dá a padà láàárọ̀ yìí o. Ẹ jẹ́ n simi.

Ọmọ Agékọ́kọ́rọ́: Ọ̀pọ̀ àgádágodo ò nílò kọ́kọ́rọ́ kó tó tì. Tóyìn, o tì í padà kó o tó jù ú síbẹ̀, àbí o fi í sílẹ̀ ní lílà?

Bùkọ́lá: Tóyìn?