GPIO 17 ò dáhùn mọ́ látìgbà tí mo ti fi OS tuntun sí Pi mi

wáyà_pupa:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Mo ní Raspberry Pi 4 kan (kọ̀ǹpútà kékeré) ní ṣọ́ọ̀bù, mo so iná LED pupa mọ́ GPIO 17, ọ̀kan lára àwọn pin tí ètò lè tàn tàbí pa, ìyẹn pin 11 lórí bọ́ọ̀dù, rísítọ̀ 330 ohm sì wà lójú ọ̀nà. Script bash kan ló ń bá mi ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà iná á tàn gbọin, tó bá lọ á máa ṣẹ́jú. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, àfi ìgbà tí mo fi Raspberry Pi OS tuntun sí i tí iná yẹn ò tàn mọ́ rárá, tí mo bá wá tẹ `echo 17 > /sys/class/gpio/export` ní root ohun tó ń sọ ni `write error: Invalid argument`. Mo yọ LED, mo fi òun àti rísítọ̀ ẹ̀ dán orí 3.3V wò, ó tàn. `uname -r` ní kernel mi (ọkàn OS) jẹ́ 6.6. Ṣé pin yẹn ló jó ni àbí kí ló dé? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, iná yẹn làwọn kọ́sítọ́mà mi máa ń wò kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wi-fi.

àgbà_kernel:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, pin ò jó. Nọ́ńbà ló yí padà. `/sys/class/gpio` yẹn, gbogbo pin inú ẹ̀rọ ló ń to nọ́ńbà fún lọ rẹrẹ, kernel ló sì ń pinnu ibi tí nọ́ńbà ti máa bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 0 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí lórí Pi, ìdí nìyẹn tí 17 fi ń jẹ́ 17. Ní 6.6, 512 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tìẹ ti di 529. Tẹ `sudo cat /sys/kernel/debug/gpio` wàá fojú ara ẹ rí i.

Tó o bá kọ 529 síbẹ̀ á tàn, àmọ́ mi ò fẹ́ kó o dúró síbẹ̀ o, torí ọjọ́ tí wọ́n bá tún yí nọ́ńbà wàá tún padà wá. Láti kernel 4.8 lọ́dún 2016 ni wọ́n ti gbé `/dev/gpiochip0` jáde tí wọ́n sì ní ká fi ti sysfs, ìyẹn `/sys/class/gpio` yẹn, sílẹ̀. Fi `apt install gpiod` sí i, tẹ `gpioinfo`, á kó gbogbo line (bí wọ́n ṣe ń pe pin níbẹ̀) hàn ẹ́ pẹ̀lú orúkọ wọn àti ẹni tó ń lò ó, níbẹ̀ 17 ṣì ni 17 ń jẹ́. Láti tan iná, tó bá jẹ́ ẹ̀dà OS tó ń jẹ́ Bookworm lo wà, `gpioset --mode=wait gpiochip0 17=1`, tó bá jẹ́ Trixie, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, `gpioset -c gpiochip0 17=1`, àwọn méjèèjì yàtọ̀ torí libgpiod, àkójọ tí gpioset ń lò, ti bọ́ sí ẹ̀dà 2 nínú Trixie. Ohun tó dáa jù nínú ẹ̀ ni pé ètò tó bá ṣí line ló di í mú, ètò míì ò lè wá bá a fà á, tó bá sì kú kernel á gba line yẹn padà lọ́wọ́ ẹ̀.

iná_ò_gbọdọ̀_kú:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n fún iná lásán gpioset ti pọ̀ jù lójú tèmi, kernel fúnra ẹ̀ mọ LED. Ẹ lọ sínú `/boot/firmware/config.txt`, ẹ kọ `dtoverlay=gpio-led,gpio=17,label=netiwoki` síbẹ̀ kẹ́ ẹ tún un tàn, ẹ máa rí `/sys/class/leds/netiwoki`. Fáìlì `trigger` inú ẹ̀ ló ń sọ bí iná á ṣe máa tàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣẹ́jú: `echo timer | sudo tee /sys/class/leds/netiwoki/trigger`, fáìlì `delay_on` àti `delay_off` á yọ jáde, mílísẹ́kọ́ńdù lẹ máa kọ sínú wọn. Kó tàn gbọin, ẹ kọ `default-on` dípò `timer`. Ẹ má lo `sudo echo ... >` o, torí shell yín (ètò tó ń gba àṣẹ tẹ́ ẹ ń tẹ̀) ló ń ṣí fáìlì yẹn kí sudo tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá, wọ́n á ní ẹ ò láṣẹ.

àgbà_kernel:
Mo gbà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Tí script bá kú nígbà tí LED wà ní `default-on`, iná á ṣì máa tàn, kọ́sítọ́mà á sanwó sórí nẹ́tíwọ̀kì tí ò sí. Irọ́ nìyẹn, kò dáa. Kó fi script sábẹ́ systemd, tó ń tan ètò tó sì ń ṣọ́ wọn lórí Pi, kó kọ `ExecStopPost=` tó máa dá trigger padà sí `none`, ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ kódà tí script bá ṣubú fúnra ẹ̀.

wáyà_pupa:
Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀yin méjèèjì! Ó ti ń ṣẹ́jú. Àmọ́ gpioset ń sọ pé `Device or resource busy` lórí 17 báyìí, ṣé kò burú? Mo sì tún fẹ́ fi relay (swíìṣì tí iná ń tẹ̀) pa router kí n tún un tàn, ṣé mo lè so ó mọ́ pin tààrà?

iná_ò_gbọdọ̀_kú:
Kò burú, LED ló di line yẹn mú báyìí, `gpioinfo` á kọ ọ́ síbẹ̀. Relay lásán ẹ má so ó mọ́ pin tààrà rárá, 16 mA ni pin kan lè gbé, kọ́ìlì relay ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ lo transistor pẹ̀lú diode tàbí kẹ́ ẹ ra module tó ti ní wọn lára. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá module yẹn jẹ́ èyí tó ń tàn nígbà tí pin bá wà ní 0, torí ọ̀pọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Fún ìyẹn ẹ fi `-l` sí gpioset, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó ń ṣe nígbà tí Pi bá ń tàn lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó so router mọ́ ọn.