Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko tíìkì, báwo lẹ ṣe gé tiyín?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi éékà mẹ́ta tíìkì sílẹ̀ fún wa n'Íbàràpá. Ó ti pé ọdún 14. Onígẹdú kan fẹ́ rà á pátá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gé rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má tà á tán!

Baba Oko: Lọ́dún kẹjọ, mo ní kí àwọn agégi dín tèmi kù, kí ìyókù lè ráyè sanra. Ọgọ́ta igi tó wọ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́, la jọ fẹnu kò sí. Mo lọ sìnkú ní Ṣakí. Kí n tó dé, àwọn tó gùn gbọọrọ ni wọ́n ti gbé lọ, wọ́n fi wíwọ́ sílẹ̀. Mo jókòó sórí kùkùté, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Látìgbà náà, ọ̀dà ni mo fi ń sàmì sí èyí tí wọ́n máa gé: ọ̀kan níbi àyà, ọ̀kan nídìí pátápátá.

Adé Ọ̀yọ́: Nídìí kẹ̀?

Baba Oko: Tí wọ́n bá gbé igi lọ, kùkùté á jẹ́rìí.

Adé Ọ̀yọ́: Háà! Ẹ ṣeun, sà.

Ìyá Ìbejì: Iná ló jẹ tèmi. Àwọn tó ń dẹ òkété ló dáná sígbó lọ́wọ́ ọyẹ́. Ewé tíìkì ti já bọ́ sílẹ̀, ó gbẹ bíi pépà. Ẹ ro ààlà oko yín mọ́ kí ọyẹ́ tó dé.

Ọdẹ Ayé: Ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru ọdẹ o. Àwọn tó ń sun oko ẹ̀gẹ́ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Mo rí ihò òkété tí wọ́n gbẹ́!

Ọdẹ Ayé: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

Adé Ọ̀yọ́: Ẹ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kẹ́ ẹ tó gé e. Wọ́n dá mọ́tò tèmi dúró lójú ọ̀nà torí pé kò sí òǹtẹ̀ lára gẹdú. Mo sùn síbẹ̀ ni. Ṣé ẹ máa ń tún òmíràn gbìn, Baba Oko?

Baba Oko: Tíìkì á tún hù fúnra rẹ̀ látara kùkùté. Ẹ gé e súnmọ́ ilẹ̀. Tí ọ̀mùnú bá yọ, ẹ dá èyí tó le jù sí, kẹ́ ẹ ré ìyókù.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní ká tà á tán, nítorí owó iléèwé àwọn ọmọ. Ọ̀la la jọ ń lọ sóko. Mo ti ra ọ̀dà.

Baba Oko: Ẹ mú okùn ìwọ̀n dání. Ẹ wọn igi kọ̀ọ̀kan níbi àyà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí onígẹdú tó dé.