Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: níbo ni ẹ ti ń mọ ọjọ́ àti ìpele àwọn ìdíje ẹṣin ńláńlá?

Akọ̀wéEré_Ìbàdàn:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mò ń ṣètò kàlẹ́ńdà kan ní èdè Yorùbá fún àwọn tó fẹ́ràn eré ìje ẹṣin, èyí tí yóò máa sọ ọjọ́ tí ìdíje kọ̀ọ̀kan yóò wáyé, pápá tí wọn yóò ti sá a, bí eré náà ti gùn tó, àti ìpele tó wà, yálà Group 1, tó ga jù lọ, ni tàbí èyí tó rẹlẹ̀ sí i. Ẹṣin Thoroughbred, ìran ẹṣin tí wọ́n ń sìn fún eré ìje, nìkan ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, n kò sì ní fi eré tí ẹṣin ti ń fo ìdènà kún un. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọjọ́ ń yí, pápá ń yí, ìpele pàápàá ń yí, àwọn ibi tí mo ti ń kà á kì í sì í sábà bára mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ àwọn ibi tí ẹ fọkàn tán fún mi, kí ẹ sì sọ bí ẹ̀yin ṣe máa ń kọ ìyípadà sílẹ̀. Ìdíje wo ni ẹ rò pé kò gbọdọ̀ yẹ̀ lórí irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀?

BàbáNewmarket:

Akọ̀wé, o kú iṣẹ́ ribiribi. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé ẹni tó ń yan ọjọ́ kọ́ ló ń fún ìdíje ní ìpele. Àwọn tó ni pápá àti àjọ tó ń darí eré ẹṣin ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fẹnu kò lórí ọjọ́. Ìgbìmọ̀ mìíràn ló ń wo bí àwọn ẹṣin tó sá eré náà ti dára tó, tó sì ń pinnu ìpele. Fún ọjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Horseracing Authority ni mo ń wò. Fún ilẹ̀ Faransé, France Galop ni. Fún ìpele ní Yúróòpù, àkójọ tí European Pattern Committee ń gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni kí o tẹ̀ lé.

Ọdún 1971 ni ètò ìpele yìí bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, kì í sì í ṣe ojú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a gba òṣùwọ̀n tí àwọn amòye fún ẹṣin mẹ́rin tó ṣáájú nínú ìdíje kan, wọn a wá ìpíndọ́gba rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, wọn a sì fi wé iye tí ìpele náà béèrè. Fún àwọn ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta sókè, 115 ni ti Group 1, 110 ni ti Group 2, 105 ni ti Group 3, 100 sì ni ti Listed, ìpele tó wà nísàlẹ̀ Group 3. Ìdíje tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ léraléra yóò pàdánù ipò rẹ̀, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ lókìkí tó. Bákan náà ni èyí tó bá ń fa àwọn ẹṣin tó dáńtọ́ mọ́ra yóò gòkè: Goodwood Cup di Group 1 ní 2017, City of York Stakes tí wọ́n ń sá ní pápá York sì di Group 1 ní 2025. Inú mi dùn gan-an sí ti Goodwood Cup yẹn, nítorí àwọn ẹṣin tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn kì í rí ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí wọn gbà.

Ní ti ọjọ́, ìdíje mìíràn ní òfin tirẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Derby ti Epsom, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1780, kì í jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Ọjọ́rú ni wọ́n ti máa ń sá a tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sátidé ní 1995. Síbẹ̀, nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni wọ́n sá a, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Oaks, ìdíje àwọn abo ẹṣin, láìsí èrò ìwòran. St Leger, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti Derby lọ, ti rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Doncaster ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1989 ilẹ̀ pápá náà rì, wọ́n sì gbé ìdíje náà lọ sí Ayr ní Skọ́tílàndì. Ní 2006, York ni wọ́n ti sá a nítorí àtúnkọ́ Doncaster. Ní 2022, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wàjà, wọ́n sún un láti Sátidé sí Sọ́ńdè. Gbogbo ìyípadà wọ̀nyí kò mú Group 1 kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, fi àyè ọjọ́, àyè pápá àti àyè ìpele sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, má sì jẹ́ kí ìyípadà nínú ọ̀kan mú ọ fọwọ́ kan èkejì láìṣèwádìí.

ỌmọLouisville:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí ẹ ti wí ló rí, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà níbí, ìgbà mìíràn wà tí ibi tí wọ́n ti sá eré máa ń fọwọ́ kan ìpele, n óò sì ṣàlàyé.

Akọ̀wé, àwọn ìdíje mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Triple Crown ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Kentucky Derby máa ń wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún ní Churchill Downs, Preakness a tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ní Pimlico ní ìlú Baltimore, Belmont a sì wáyé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ní 2020, gbogbo rẹ̀ dorí kodò. Belmont ló kọ́kọ́ wáyé, ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà, wọ́n sì gé e kúrú láti máìlì kan àbọ̀ sí máìlì kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Derby di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án, Preakness sì di ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá. Láyé mi, n kò rí ọdún tí ètò eré ẹṣin dàrú tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n sá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́wọ́lọ́wọ́, àtúnkọ́ pápá ló ń mú ìyípadà wá. Wọ́n wó Belmont Park láti tún un kọ́, èyí ló fà á tí Belmont Stakes fi wáyé ní Saratoga ní 2024 àti 2025, wọ́n sì ti ṣètò ti 2026 síbẹ̀ náà. Ẹ má ṣe kọ máìlì kan àbọ̀ fún àwọn ọdún wọ̀nyẹn o. Òbìrí Belmont Park gùn tó máìlì kan àbọ̀, ẹṣin a yí i po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Saratoga kò ju máìlì kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ, bí wọ́n bá sì fẹ́ sá máìlì kan àbọ̀ níbẹ̀, orí kọ́nà ni àwọn ẹṣin yóò ti gbéra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín in kù sí máìlì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Pimlico náà ń gba àtúnkọ́, Laurel Park ni wọ́n sì ṣètò Preakness ti 2026 sí.

Ní ti ìpele, American Graded Stakes Committee, tó wà lábẹ́ TOBA, ẹgbẹ́ àwọn tó ni ẹṣin àti àwọn tó ń sìn ín, ló ń ṣe é láti 1973, wọn a sì máa kéde àkójọ tuntun nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Grade ni wọ́n ń pè é níbí, kì í ṣe Group. Ẹ̀bùn owó tó kéré jù fún Grade 1 jẹ́ $300,000, Grade 2 jẹ́ $200,000, Grade 3 jẹ́ $100,000. Lọ́dún 2017, wọ́n sọ Wood Memorial àti Blue Grass Stakes kalẹ̀ láti Grade 1 sí Grade 2, àwọn ìdíje tí àwọn ẹṣin ń gbà dé Derby. Blue Grass padà sípò rẹ̀ ní 2022.

Wàyí o, ohun tí mo ní n óò ṣàlàyé nìyí. Bí òjò bá rọ̀ jù tí wọ́n fi gbé ìdíje orí koríko lọ sí orí iyẹ̀pẹ̀, ìpele ìdíje náà máa ń já wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan lójú ẹsẹ̀ fún ọdún yẹn. Ìgbìmọ̀ náà yóò wá gbé àwọn ẹṣin tó sá a yẹ̀ wò lẹ́yìn ìdíje, wọ́n sì lè dá ìpele náà padà. Ẹ má ṣe kọ ìpele ọjọ́ náà sílẹ̀ bí èyí tó ti parí títí ìpinnu yóò fi jáde.

Òǹwòran_Dubai:

Mo kí gbogbo yín. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó kún un, nítorí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ̀bùn tó pọ̀ kì í sọ ìdíje tuntun di Group 1 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Saudi Cup bẹ̀rẹ̀ ní Riyadh ní 2020 pẹ̀lú ogún mílíọ̀nù dọ́là, síbẹ̀ ọdún 2022 ló tó di Group 1. The Everest, eré 1,200 mítà tí wọ́n ń sá ní Randwick ní Sydney, bẹ̀rẹ̀ ní 2017. 2024 ni wọ́n fún un ní Group 1. Ní Japan, Osaka Hai ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ó tó gòkè sí G1, ìpele tó ga jù níbẹ̀, ní 2017. Ẹ fi Dubai World Cup sí ìparí oṣù Kẹta: pápá Nad Al Sheba ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1996, pápá Meydan ni ó wà láti 2010, wọn kò sì sá a rárá ní 2020.

Japan yẹ kí ó ní ojú ìwé tirẹ̀. JRA, àjọ tó ń darí eré ẹṣin níbẹ̀, máa ń kéde ètò ọdún tó ń bọ̀ ní kíkún, ó sì ṣe kedere ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Ìyípadà tó wù mí jù níbẹ̀ ni ti Takarazuka Kinen, tí wọ́n mú wá síwájú sí àárín oṣù Kẹfà ní 2025 nítorí ooru ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlera ẹṣin ló fà á, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà gbé irú rẹ̀ yẹ̀ wò.

Akọ̀wéEré_Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní: bí ìpele bá yí, ǹjẹ́ ó yẹ kí n padà tún ti àwọn ọdún tó ti kọjá kọ? Èkejì: ǹjẹ́ kí n fi ìdíje tí kò tíì ní ìpele sínú kàlẹ́ńdà náà?

ÌyáKátálọ́ọ̀gì:

Ọ̀gbẹ́ni Akọ̀wé, iṣẹ́ mi ni láti máa to ìwé tí wọ́n fi ń ta ọmọ ẹṣin ní gbàgede, nítorí náà mo lè dáhùn èkíní. Ẹ má ṣe tún un kọ. Ìpele tí ìdíje wà lọ́jọ́ tí wọ́n sá a ni yóò máa jẹ́ tirẹ̀ títí láé. Good Magic gba Blue Grass ní 2018, Grade 2 ni ó sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje náà ti padà di Grade 1. Nínú ìwé títà, lẹ́tà dúdú kìrìbìtì ni a fi ń tẹ orúkọ ẹṣin tó gba irú ìdíje bẹ́ẹ̀, owó ọmọ rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ sì wà lórí lẹ́tà yẹn. Àṣìṣe kan níbẹ̀ lè mú kí ẹni kan san owó tí kò yẹ.

Fún ìdánilójú láàárín orílẹ̀-èdè, ẹ wo International Cataloguing Standards tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì wà lójú òpó IFHA, àjọ àgbáyé fún eré ẹṣin, pẹ̀lú. Apá Kìíní ibẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé gba ìpele wọn wà. Japan wọ inú rẹ̀ ní 2007. Ìdíje kan lè máa jẹ́ ìpele gíga nílé rẹ̀, kí ìwé yìí má sì kà á sí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

BàbáNewmarket:

Ní tèmi, ìdíje tí kò ní ìpele kò gbọdọ̀ wọ kàlẹ́ńdà àwọn ìdíje ńlá. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, a kò ní mọ ibi tí a óò dúró sí.

Òǹwòran_Dubai:

Ẹ má bínú, Bàbá, n kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin yẹn ì bá má kọ ohunkóhun nípa The Everest láti 2017 títí di 2023, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹṣin eré kúkúrú tó dára jù ní Australia wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́, kí ó sì kọ "kò ní ìpele" gbangba sí iwájú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aago Nàìjíríà sí i. Kentucky Derby máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí agogo méjìlá òru lù ní Èkó, Melbourne Cup sì jẹ́ agogo márùn-ún ìdájí ní Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Prix de l'Arc de Triomphe (Arc) ti Paris, ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá, kò jìnnà sí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Aago Kùtọnu bá ti Èkó mu, ṣùgbọ́n ti Lomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ Breeders' Cup, àwọn ìdíje ńlá ìparí ọdún ní Amẹ́ríkà, ló nílò àkíyèsí jù. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí aago padà, Amẹ́ríkà a sì dúró di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, Nàìjíríà kì í yí tirẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n sá a ní Del Mar ní California ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2025, Èkó fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú, àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi méje ṣáájú, dípò mẹ́jọ tó ti mọ́ wa lára. Ìdíje yìí náà ń yí pápá ká. Keeneland ni ti 2026.

Akọ̀wéEré_Ìbàdàn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn. Màmá, n óò wá ìwé IFHA yẹn lónìí. Bàbá, ẹ foríjì mí, n óò fi àwọn ìdíje tí kò ní ìpele sí i, ṣùgbọ́n ojú ewé tiwọn ni wọn yóò wà. Ti oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà ni n óò kọ́kọ́ gbé síbí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Louisville, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ìlà Preakness àti ti Belmont wò kí n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́.