Kí ló kọ́kọ́ ń kú nínú abúlé tó ń di ahoro?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àwọn abúlé tó tú láìsí ogun, láìsí àjàkálẹ̀ àrùn, ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ wo Houtouwan, abúlé apẹja ní erékùṣù Shengshan ní Ṣáínà. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kó lọ. Ewéko ti fà bo ilé wọn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ó wọ ojú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni ò lé wọn. Kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́ ná? Ṣé àwọn ọ̀dọ́ tó lọ ni?

Ìdáhùn 1:
Ilé ìwé ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ níbi gbogbo, títí kan ibi tí nǹkan ti ń dára, àwọn kan sì máa ń padà tí wọ́n bá ti bímọ. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé bá ti tì, ta ló máa kó ọmọ ọdún mẹ́fà wá síbẹ̀? Àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà nìkan ló kù, ìsìnkú nìkan ló sì kù tí wọn yóò máa ṣe.

Ní Nagoro, ní Japan, ọdún 2012 ni wọ́n ti ilé ìwé, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ku méjì péré. Obìnrin kan níbẹ̀ ń rán ọmọláńgidi tó tó èèyàn, ó fi ń rọ́pò àwọn tó kú àtàwọn tó lọ. Ó tò wọ́n sórí àga nínú kíláàsì, tíṣà wọn dúró níwájú. Mi ò lè wo fọ́tò yẹn pẹ́. Gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́, aago kankan ò sì ní lù fún wọn mọ́.

Ìdáhùn 2:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo. Ní Kolmanskop, ní Namibia, wọ́n rí dáyámọ́ńdì nínú yanrìn lọ́dún 1908. Kò pẹ́ tí ilé ìwòsàn wọn fi ní ẹ̀rọ X-ray, láàárín aṣálẹ̀! Lọ́dún 1928 wọ́n rí dáyámọ́ńdì tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níhà gúúsù, ni àwọn èèyàn bá ń di ẹrù. Nígbà tó fi di 1956, kò ku ẹnì kan. Yanrìn ti wọlé, ó há ilẹ̀kùn mọ́ agbedeméjì, kò ṣeé ṣí, kò ṣeé tì. Níbi tó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo ìlú, iṣẹ́ yẹn ló ń kọ́kọ́ kú.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àṣé méjèèjì ló pàdé ní Houtouwan: ọkọ̀ ìpẹja tóbi ju èbúté wọn lọ, ilé ìwé tó dára sì jìnnà sí àwọn ọmọ.

Ìdáhùn 1:
Ẹ ò rí i? Ẹni bá sì mọ abúlé kan tí wọ́n ti tún ilé ìwé ṣí lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í, kó jọ̀ọ́ sọ ọ́ níbí. Mo fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe rí ọmọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.