Ìrírí àwa tí a gbé àgbo lọ sọ́dọ̀ eku funfun

Ọmọ Elẹ́wẹ́, Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti fi ewé ṣèwádìí lára ẹran láàbù rí, tàbí tí wọ́n ti wá gba ewé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ dán wò, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ẹ jẹ́ n fi tèmi ṣíde.

Ìyá mi àgbà, tí a ń pè ní Mọ̀mọ́, ń ta ewé àti egbò. Àgbo ìgbẹ́ gbuuru tiwọn kò le: ewé gúáfà àti efinrin ni wọ́n ń gbo pọ̀, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Nígbà tí àsìkò pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi tó, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n ní kí n mú ewé kan ṣoṣo, torí tí méjèèjì bá jọ ṣiṣẹ́, a ò ní mọ èyí tó ṣe é nínú wọn. Mo mú gúáfà. Inú Mọ̀mọ́ ò dùn sí i rárá. Wọ́n ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ ya tọkọtaya?"

A sá ewé náà sí ibòòji, a lọ̀ ọ́, a rẹ ẹ́ sínú ọtí, a sẹ́ ẹ, a wá fi iná rọra fa ọtí náà kúrò títí ó fi ku nǹkan dúdú kan tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Ẹ máa rí ẹrù ewé, ohun tó máa kù nínú rẹ̀ á ṣe yín láàánú.

Eku kì í ṣàdédé yàgbẹ́ gbuuru, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní ohun tó máa mú un ṣe é. Òróró lárà ni wọ́n ń lò, kásítọ́ọ̀lù tí àwọn òbí wa fi ń fọ inú wa nígbà tí ọlidé bá ń parí lọ. Tó bá dé inú ìfun, ara á tú u, ricinoleic acid á jáde lára rẹ̀, òun ló ń mú kí ìfun máa sún kì, kí omi sì máa dà sí i. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni ebi ti ń pa àwọn eku náà, omi nìkan ni wọ́n ń mu. A pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Àwọn kan gba omi lásán, àwọn kan gba loperamide, oògùn adáìgbẹ́-gbuuru-dúró tí kẹ́míìsì ń tà, àwọn yòókù gba ewé, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, òróró wọlé. Ó wá ku kẹ́ ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ àgò, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa ka ìgbẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà ní wákàtí wákàtí. Ọmọ tí wọ́n ta oko rán ní yunifásítì nìyẹn o.

Ewé náà ṣiṣẹ́. Àwọn tó gba púpọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn tó gba loperamide dọ́gba. Àwọn tó gba díẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwọn olómi lásán. Mo sáré lọ sọ fún Mọ̀mọ́. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n bi mí léèrè ohun tí eku náà jẹ tó fi ń yàgbẹ́. Mo ní òróró lárà ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fún un ní ohun tó ń múni yàgbẹ́, ẹ wá ń ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá èmi, omi tí kò dáa ni wọ́n mu. Ṣé ẹ ti fún eku yín nírú omi bẹ́ẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo lọ gbèjà pírọ́jẹ́ẹ̀tì náà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè tó gún tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ilé Ẹran, Ìfàkì

Ọmọ mi, o káre. Èmi ni mo ń tọ́jú eku ní yunifásítì kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé tẹ́ ẹ ń kọ dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa kì í dé inú rẹ̀.

Èkíní, eku máa ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀. Tí ìsàlẹ̀ àgò kò bá jẹ́ wáyà oníhò tí ìgbẹ́ máa gbà já bọ́, ohun tí o fẹ́ kà ló ń jẹ yẹn. Ìkejì ni ìbẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí á wọlé lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, á fa eku nírù. Eku náà á yàgbẹ́ sí i lọ́wọ́, kì í ṣe òróró, kì í ṣe ewé, ẹ̀rù ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ti máa wá ṣáájú, kí wọ́n máa gbé e, kí ó mọ òórùn ọwọ́ wọn. Àwọn tó gbọ́ kò pọ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti abẹ́rẹ́ ẹnu, irin gígùn tí wọ́n fi ń ti oògùn sí eku lọ́fun. Eku kò lè bì, ohun tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn. Tí irin náà bá ṣìnà lọ sí ọ̀nà èémí, eku á kú sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n á wá kọ ọ́ pé ewé náà ní májèlé. Mo ti rí i tí wọ́n fi irú ikú bẹ́ẹ̀ ba ewé lórúkọ jẹ́, ewé tí gbogbo ilé wa ń sè mu. Tí eku bá kú, ẹ là á, ẹ wo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Tí omi ewé bá wà níbẹ̀, ọwọ́ yín ló pa á.

Apòògùn Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun, Bàbá. Wàhálà tèmi ni àwọn tó ka irú iṣẹ́ yìí lórí fóònù. Ẹnì kan rí i pé 400 mg sí kílò kan ló ṣiṣẹ́ fún eku, ó fi 60 kílò tirẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó ní òun máa mu gíráàmù 24. Ara eku ń yára ju tiwa lọ, a kì í ṣírò báyẹn. Ìlànà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2005 ni pé kí a fi 6.2 pín ti eku, ìyẹn á mú 400 di bíi 65, kò ní pé gíráàmù mẹ́rin fún ẹni náà. Wọ́n tún ní kí a fi 10 pín in sí i kí a tó fún ẹnikẹ́ni nígbà àkọ́kọ́. Àbọ̀ gíráàmù kò pé mọ́ nìyẹn. Àti pé ògidì tí a fà jáde là ń sọ o, kì í ṣe ewé tútù nínú ìkòkò.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹ̀fọ̀n

Ọgbẹ́ inú ni tèmi. Omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú ni mo ń mu, torí ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn òyìnbó ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ó ń rọ̀ mí lára, ó tún ń padà wá. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò tí wọ́n rí kòkòrò Helicobacter pylori, tí wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò, ló tó lọ.

Apòògùn Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́ mà. Ó wà nínú ìwé ìròyìn British Journal of Pharmacology ní 1984: ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú wo ọgbẹ́ inú eku sàn. Ṣùgbọ́n aspirin ni wọ́n fi dá ọgbẹ́ náà sí eku nínú. Kòkòrò ló dá tiyín. Ìbéèrè Mọ̀mọ́ náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé

Mo fara mọ́ Mọ̀mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kíka ìgbẹ́ nìkan kò tó. Wọ́n gbé ọmọ kan wá bá wa, wọ́n ní ìgbẹ́ ti dá láti alẹ́, àgbo ti ṣiṣẹ́. Ìgbẹ́ ti dá lóòótọ́. Ojú ọmọ ti wọnú, àwújẹ̀ rẹ̀ ti jìn, kò rí omijé sun. Omi tó ti jáde lára rẹ̀ ló ń pa á lọ, kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Ọlọ́run yọ ọ́. Loperamide tí ẹ ń fi ewé wé yẹn náà, a kì í fún ọmọ wẹ́wẹ́, a kì í sì í fún ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀.

Ọmọ Elẹ́wẹ́, Adó-Èkìtì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí Mọ̀mọ́ létí. Wọ́n kí Bàbá Ilé Ẹran gan-an. Wọ́n ní kí n bi Nọ́ọ̀sì: ṣé kí ìyá ọmọ fún un ní omi ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, kó tó mu àgbo ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé

Ẹ bá mi kí wọn mà. ORS ni kó ṣáájú, kí wọ́n pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, kí wọ́n máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbẹ́. Síǹkì náà ń bẹ: 20 mg lójúmọ́, 10 mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, fún ọjọ́ 10 sí 14. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kí wọ́n má fún un ní àgbo rárá, kí ìyá rẹ̀ má dáwọ́ ọmú dúró. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọ bá ti ń wọnú, kí Mọ̀mọ́ má ta àgbo fún wọn, kí wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bó bá ṣòru, a wà níbẹ̀.